Ohun Tó Pa Kátálíìsì

Láàárín àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní àdúgbò náà, ọkùnrin kan wà tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Elétí-ọfẹ. Kì í ṣe pé ó máa ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ń gbọ́. Kí ọkọ̀ tó yà kúrò lójú títì wọ inú ọgbà iṣẹ́ rẹ̀, á ti sọ ohun tó ń ṣe é: bẹ́líìtì ti ń gbó, bẹ́árìn táyà ọ̀tún ti fẹ́ kú, ẹni tó ń wa eléyìí kì í tẹ kílọ́ọ̀ṣì délẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ kankan tó ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Etí ló fi kọ́ iṣẹ́ náà, etí ló fi gbé ìyàwó, etí ló sì fi rán àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ọgbà iṣẹ́ náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó létò. Òrùlé páànù kan tó gùn bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tí epo ti sọ di dúdú, kòtò tí wọ́n fi ń wo abẹ́ ọkọ̀ sì wà láàárín. Lára ògiri ni pátákó kan wà tí wọ́n ya àwòrán sípánà kọ̀ọ̀kan sí, kí ẹni tó bá mú sípánà má bàa sọ pé òun ò mọ ibi tó yẹ kí òun dá a padà sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ya àwọn àwòrán náà. Àkọ́bí ni wọ́n ń pè é. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó tún lọ kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́, òun ló sì ń lo sikánà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ láti fi ka àṣìṣe tí ọkọ̀ náà ti kó pa mọ́ sínú. Ní igun kejì ọgbà náà ni Wẹ́dà wà, ọ̀rẹ́ Elétí-ọfẹ láti ìgbà èwe, tó ń fi iná jó irin pọ̀ mọ́ irin. Iná rẹ̀ a máa kú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í kú.

Òfin kan wà nínú ọgbà náà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Bí Elétí-ọfẹ bá ti dá ẹjọ́ ọkọ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú, pàápàá jù lọ lójú oníbàárà.

Ohun tó wá le ni pé etí náà ti ń lọ. Àwọn ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni àwọn tó wà láàárín ń tẹ̀ lé wọn. Elétí-ọfẹ kò mọ̀. Lójú tirẹ̀, ayé ló dákẹ́. Ó ní àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí kì í pariwo mọ́, wọ́n ti kọ́ wọn ní ìwà ọmọlúwàbí láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Nílé pẹ̀lú, ó ṣàkíyèsí pé ìyàwó òun kì í bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan òun léjìká. Ó rò pé ìfẹ́ àgbà ni. Inú rẹ̀ dùn sí i, kò sì bèèrè ìdí.

Àkọ́bí mọ̀, Wẹ́dà náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ fún Elétí-ọfẹ pé etí rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́? Wẹ́dà ní àwọn àgbà ti wí i pé bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bà jẹ́. Nítorí náà wọ́n wá ọgbọ́n kan dá. Bí bàbá bá dá ẹjọ́ tí kò tọ́, Àkọ́bí á sin oníbàárà dé ẹnu ọ̀nà, á sì rọra sọ fún un pé kó tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí bàbá bá jáde lọ ra pátì ọkọ̀ lọ́jà, ọmọ á tún ọkọ̀ náà ṣe bó ṣe yẹ. Wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Kò sí ọkọ̀ tó bà jẹ́, kò sí ẹni tí ojú tì. Wọ́n rò pé iyì ni àwọn ń bù fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí títí Ìyá Agbẹ̀bí fi wa ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú kan wọlé. Obìnrin yìí ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn, ó sì tún máa ń lọ sílé àwọn aláboyún tí ọ̀nà wọn jìn. Ó ní iná ẹ́ńjìnnì ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù òun, iná kékeré aláwọ̀ ọsàn yẹn, àti pé bí òun bá ń gun òkè, ńṣe ni ọkọ̀ náà ń ṣe bí ẹni tí wọ́n di aṣọ mú lẹ́yìn. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun wò ó dáadáa, torí pé aláboyún kan wà lókè tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti dé tán.

Elétí-ọfẹ gba sikánà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Kò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà púpọ̀, ohun kan ṣoṣo ló sì mọ̀ ọ́n lò fún: ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń pa iná àti gbogbo àṣìṣe inú ọkọ̀ rẹ́, ó ní kí ìyẹn kọ́kọ́ kúrò lójú òun ná. Lẹ́yìn náà ó mú òòlù rọ́bà, ó sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, ó lọ bá kátálíìsì.

Ikùn irin kan tó wà lára páìpù èéfín, lábẹ́ ọkọ̀, ni wọ́n ń pè ní kátálíìsì. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, òun ló ń sọ májèlé inú èéfín di aláìlágbára kó tó jáde síta. Bí afárá náà bá fọ́, á máa mì ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú ikùn irin yẹn. Bó bá sì yọ́, á dí ọ̀nà, ọkọ̀ kò ní lè mí. Elétí-ọfẹ fi òòlù gbá a, ó fi orí súnmọ́ ọn, ó tún gbá a. Ó dákẹ́ rọ́rọ́ létí rẹ̀. Ó gòkè wá, ó ń nu ọwọ́, ó ní ara kátálíìsì náà le koko bí ara ọ̀dọ́mọkùnrin, epo burúkú ni Ìyá rà, kó da epo náà nù kó ra òmíràn níbòmíì.

Àkọ́bí tó dúró lẹ́nu kòtò gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ náà kedere. Wẹ́dà gbọ́ ọ láti igun tirẹ̀, ó sì wúkọ́. Ọmọ náà fẹ́ sin obìnrin yìí dé ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù Ìyá Agbẹ̀bí dún, ó dáhùn rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó sì ti dójú títì kí Àkọ́bí tó fi àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ mìíràn ló fà á wọlé.

Agídí ọkọ̀ náà ti pọ̀ jù lórí òkè, ó sì kú síbẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀ lérí, ó fẹsẹ̀ gun èyí tó kù. Ó bá ìyá ọmọ lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ náà bọ́ sí i lọ́wọ́ bó ṣe ń fọ ọwọ́ tán, àlàáfíà sì ni ìyá àti ọmọ wà. Ó sọ gbogbo èyí bí ẹni tó ń ròyìn ọjà tó ná, kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wá kọjú sí Elétí-ọfẹ.

“Bàbá, mi ò bá ìjà wá o. Ṣùgbọ́n kí ni nǹkan tó ń mì ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ yìí? Lánàá tí ẹ ń gbá a, èmi tí mo dúró lókè gbọ́ ọ. Mo ní bóyá bó ṣe yẹ kó máa dún nìyẹn.”

Elétí-ọfẹ wo ọmọ rẹ̀. Àkọ́bí ń wo pátákó sípánà bí ẹni tí kò rí i rí. Ó wo Wẹ́dà. Wẹ́dà ń wo bàtà ara rẹ̀.

“Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?”

Wẹ́dà kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, èyí tó bọ́ sí i lẹ́nu ló sọ. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, bí òkú bá wà nínú kòtò yẹn, á gbọ́ ọ.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá bèèrè pé láti ìgbà wo. Àkọ́bí ní ó ti pẹ́. Ó tún bèèrè pé àwọn ọkọ̀ yòókù ńkọ́, àwọn tí òun ti dá ẹjọ́ wọn. Ọmọ náà dá a lóhùn tòótọ́, ó ní òun ń tún wọn ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà kẹ̀yìn sí wọn. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ aláwọ̀ eérú náà, ó jókòó sí iwájú, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ohun tó ń rò níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí wọ́n bá yọ etí kúrò lára Elétí-ọfẹ, kí ló kù? Obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ láìsí agbẹ̀bí nítorí pé òun gbá irin, òun kò gbọ́ nǹkan kan, òun sì ka àìgbọ́ náà sí àlàáfíà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọgbà iṣẹ́ náà kúrò nínú ìdè ìgbànú rẹ̀, ó sì gbé e lé itan.

Nígbà tí Àkọ́bí wọ ọkọ̀ wá jókòó tì í, bàbá rẹ̀ na kọ́kọ́rọ́ náà sí i. Ó ní, “Gbà. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì mọ́.”

Ọmọ náà kò gbà á. Ó kọjú sí i dáadáa kó lè rí ẹnu òun, ó sì sọ̀rọ̀ ketekete. “Bàámi, àwa la jẹ̀bi. A ní iyì la ń bù fún yín, a ò sì jẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ lè wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ fi ìyẹn jìn wá. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ síbì kankan. Mo fẹ́ pààrọ̀ kátálíìsì obìnrin yìí báyìí, mo fẹ́ kí ẹ dúró tì mí.”

Bàbá rẹ̀ dá kọ́kọ́rọ́ náà padà sórí itan. Ó wá bèèrè ohun tí sikánà sọ. Ọmọ náà ní iná ti tún padà tàn, ẹ̀rọ náà sì ní kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ mọ́.

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan. Ẹ ti pa gbogbo ẹ̀rí tó kù rẹ́ lánàá.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń dùn ún náà ni nǹkan kan jí nínú rẹ̀. Ó fọwọ́ gbá orí itan. “Ta ló wá pa á?”

“Ta ló pa kí ni, Bàámi?”

“Kátálíìsì. Kátálíìsì kì í dédé kú, ọmọ mi. Ńṣe ni wọ́n máa ń pa á. Bí òkúta kò bá gbá a lábẹ́, a jẹ́ pé nǹkan kan ń tọ̀ ọ́ wá láti inú ẹ́ńjìnnì. Bó o bá pààrọ̀ rẹ̀ tí o ò mú ẹni tó pa á, ẹni náà á pa tuntun. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.”

Àkọ́bí wò ó. Kò tíì ro ibẹ̀ rárá. Àwọn méjèèjì jọ jáde.

Ìyá Agbẹ̀bí wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń mu tíì tí Wẹ́dà lọ rà fún un. Elétí-ọfẹ fa àpótí kan sún mọ́ ọn, ó jókòó sí ibi tí yóò ti máa rí ẹnu rẹ̀, ó sì bi í ní ìbéèrè tó yẹ kó bi í lánàá. Kí iná náà tó kú lánàá, ṣé ńṣe ló tàn tó dúró gbọnin, àbí ńṣe ló ń ṣẹ́jú? Obìnrin náà ronú, ó ní nígbà mìíràn á dúró, ṣùgbọ́n bí òun bá ti ń gun òkè, á máa ṣẹ́jú.

Elétí-ọfẹ mi orí. “Iná tó bá dúró, ìkìlọ̀ ló ń ṣe. Èyí tó bá ń ṣẹ́jú, igbe ló ń ké. Epo tútù ń kọjá nínú ẹ́ńjìnnì yín láìjó, inú kátálíìsì ló ń lọ jó sí. Ooru yẹn ló yọ́ ọ.”

Wọ́n tan ọkọ̀ náà. Elétí-ọfẹ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu páìpù èéfín. Èémí tó ń jáde kò lágbára rárá, torí pé ọ̀nà ti dí. Àmọ́ lábẹ́ àìlágbára náà, ọwọ́ rẹ̀ mú nǹkan kan: ó ń fẹ́, ó ń fẹ́, ó ń fẹ́, á sì fo ọ̀kan. Ó ń fẹ́, ó ń fẹ́, ó ń fẹ́, á tún fo. Ó pe ọmọ rẹ̀ kó wá fọwọ́ sí i. Àkọ́bí tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, ojú rẹ̀ sì là.

Ẹ́ńjìnnì náà ní ilé mẹ́rin tí epo ti ń jó, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ tó ń ṣáná sí i. Àkọ́bí tú wọn jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí aṣọ funfun bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Mẹ́ta nínú wọn ní àwọ̀ búrẹ́dì tó yan dáadáa. Ìkẹta láti iwájú dúdú, ó tutù, ó sì ń rùn fún epo. Bàbá gbé e sí imú, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀, ó gbé e fún Ìyá Agbẹ̀bí pàápàá, tó ní irú òórùn burúkú báyìí kò jọ òun lójú, iṣẹ́ òun náà ní tirẹ̀.

Ó kù kí wọ́n mọ̀ bóyá púlọ́ọ̀gì ló jẹ̀bi àbí kọ́ìlì tó jókòó lé e lórí, tó ń fún un ní iná. Èyí ni Àkọ́bí mọ̀ jù bàbá rẹ̀ lọ. Ó nu púlọ́ọ̀gì náà gbẹ, ó dá gbogbo wọn padà síbi tí wọ́n wà, ó wá gbé kọ́ìlì ilé kẹta lọ sí ilé kejì, ó gbé ti ilé kejì sí ìkẹta, ó tan ọkọ̀, ó sì so sikánà mọ́ ọn. Wọ́n dúró. Láìpẹ́ ẹ̀rọ náà sọ pé ilé kejì ni iná kò ti jó dáadáa. Àṣìṣe ti bá kọ́ìlì ṣí lọ. Elétí-ọfẹ gba kọ́ìlì náà, ó fi èékánná wa ara rẹ̀ yípo, èékánná náà sì há. Ó ti sán, bí ìgbà tí irun orí bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ojú lásán kò lè tètè rí i.

Àkọ́bí jókòó sórí táyà kan. Ó ní bó bá jẹ́ òun nìkan ni, òun ìbá ti pààrọ̀ kátálíìsì, tuntun náà ìbá sì tún kú. Bàbá rẹ̀ ní bó bá jẹ́ òun nìkan ni, wọn ìbá má tiẹ̀ mọ̀ pé kátálíìsì kú rárá.

Wẹ́dà gé ògbólógbòó kátálíìsì kúrò lára páìpù. Nígbà tó dojú rẹ̀ dé sílẹ̀, afárá inú rẹ̀ dà jáde, apá kan ti fọ́ wẹ́wẹ́, apá kan ti yọ́ ṣàn bí àbẹ́là. Ó ní òun ti rí oríṣiríṣi òkú, ṣùgbọ́n èyí jìyà kó tó kú. Wọ́n fi kọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì tuntun sí i kí wọ́n tó fọwọ́ kan kátálíìsì tuntun, torí pé Elétí-ọfẹ kò gbà kí wọ́n gbé àlejò wọlé nígbà tí apànìyàn ṣì wà nínú ilé.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n lọ dán ọkọ̀ náà wò lórí òkè yẹn gan-an. Ìyá Agbẹ̀bí ló wà á, Àkọ́bí mú sikánà lọ́wọ́, bàbá jókòó sẹ́yìn, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí àga iwájú. Ọkọ̀ náà gun òkè bí ẹní ń lọ gba ẹ̀bùn. Iná ẹ́ńjìnnì kò tàn. Nígbà tí wọ́n dé téńté, tí obìnrin náà pa á, Elétí-ọfẹ sọ fún un pé ẹjọ́ àná, òun ló dá a, òun ló sì jẹ̀bi rẹ̀, nítorí pé etí òun ti lọ, òun kò sì mọ̀.

Obìnrin náà yí padà lórí àga. “Ọmọ yẹn dé láyọ̀, Bàbá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè tiyín. Etí náà kò dédé kú. Ta ló pa á?”

Àkọ́bí kọjú sí fèrèsé kí bàbá rẹ̀ má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí ní ẹnì kan wà ní ilé ìwòsàn àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo etí, òun á sì mú un lọ bá a fúnra òun.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan án léjìká kó tó kí i káàbọ̀. Ó di ọwọ́ náà mú, ó ní kó sọ òtítọ́ fún òun, ṣé nítorí etí ni, àbí nítorí ìfẹ́. Obìnrin náà wò ó títí. Ó ní nítorí etí ló fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ òun lára báyìí, bí etí náà bá tiẹ̀ là, òun kò ní í jáwọ́.

Dókítà etí náà jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì ní sùúrù. Ó fi Elétí-ọfẹ sínú yàrá kékeré kan tí ariwo kì í wọ̀, ó ń fi oríṣiríṣi ohùn ránṣẹ́ sí i, ó ní kó máa tẹ bọ́tìnnì bó bá ti gbọ́. Kò sí ibi tí iṣẹ́ ẹlòmíràn ti dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí, torí ó rí i pé mẹkáníìkì ẹgbẹ́ òun ni. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ yọ ìdọ̀tí tó dí etí rẹ̀, ìyẹn sì dá díẹ̀ padà. Èyí tó kù, ó ní ariwo òòlù àti ẹ́ńjìnnì ló pa á díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, kò sì ní padà mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré kan wà tí yóò máa fi sétí, èyí tó ṣẹ́ kù á sì tó o lò.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ náà wà létí rẹ̀. Ó tún mú páálí kékeré kan dání, rọ́bà tí wọ́n fi ń dí etí nígbà ariwo ló wà nínú rẹ̀. Ó kó wọn fún Àkọ́bí àti Wẹ́dà, ó ní kí wọ́n máa dí etí tiwọn bí òòlù bá ti ń dún, torí òun ti mọ ẹni tó ń pa etí, ẹni náà kò sì tíì kúrò nínú ọgbà. Wẹ́dà gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn kan. Ó sọ ọ́ títí. Elétí-ọfẹ tẹ́tí sí i, ẹnu yà á.

Ó ní, “Ṣé bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí láti ọjọ́ yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. O kàn ń gbádùn ìdákẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni.”

Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín tán tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan fi wọlé, tó ń han gooro. Ẹni tó wà á bọ́ sílẹ̀, ó ní òun kò mọ ohun tó ń ké bẹ́ẹ̀. Elétí-ọfẹ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí, ó fọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó sì dá ẹjọ́: bẹ́líìtì ni.

“Rárá, Bàámi,” Àkọ́bí sọ, lójú oníbàárà. “Mi ò gbà. Bẹ́árìn pọ́ǹpù omi ni.”

Wẹ́dà pa iná ọwọ́ rẹ̀. Oníbàárà ń wo bàbá, ó ń wo ọmọ. Elétí-ọfẹ dìde dúró, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn débi pé kò lè fi pa mọ́. Ó bi í léèrè ohun tó fi mọ̀. Ọmọ náà ní igbe náà kò yí padà nígbà tí òun fi igi òòlù tẹ bẹ́líìtì. Bàbá ní òun náà ti gbọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ òun lọ́rùn. Ọmọ náà ní kò tíì tẹ́ òun náà lọ́rùn pé bẹ́líìtì ni.

“Ó dáa,” ni bàbá wí, ó sì yọ sípánà kan kúrò lára pátákó, ó nà án sí i. “Jẹ́ ká tú u wò.”